Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ: Jason Bourne àti Àwọn Ọ̀gá Tó Rán An

Fíìmù tí mo fẹ́ kí a jọ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ọdún 2002 ni The Bourne Identity jáde. The Bourne Supremacy tẹ̀ lé e ní 2004, The Bourne Ultimatum sì dé ní 2007. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti wò wọ́n nítorí ìjà àti eré àsápajúdé inú wọn. N kò bá yín wí. Èmi náà fẹ́ràn ibi tí ọkọ̀ kékeré Mini ti ń fò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta ní ìlú Paris, tí àwọn ọlọ́pàá orí alùpùpù ń lé e bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wò wọ́n láìpẹ́ yìí, mo rí ohun kan tí ariwo ìbọn kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè rí. Níbi gbogbo tí ìtàn náà ti yí padà, ọmọdé kan wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wo àwọn fíìmù yìí kí ó mọ̀ pé n óò tú àṣírí wọn. Bí kò bá fẹ́, kí ó lọ wò wọ́n ná.

Àwọn apẹja ló rí ọkùnrin náà. Ó ń léfòó lójú Òkun Mẹditaréníà ní òru òjò, wọ́n sì rò pé òkú ni. Ọta ìbọn méjì ni wọ́n yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà tún rí ohun kékeré kan tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ awọ ìbàdí rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ń kọ nọ́ḿbà àkáǹtì báńkì kan ní ìlú Zurich sára ògiri. Nígbà tí ọkùnrin náà jí, ó gbọ́ èdè bí i mélòó kan, ó lè ta okùn ọkọ̀ ní kókó, ó sì mọ ìjà jà ju ẹni tí ń fi ìjà jẹun lọ. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ní Zurich, wọ́n gbé àpótí kan sílẹ̀ fún un ní báńkì. Ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà kan wà lókè, tó sọ pé Jason Bourne ni orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, títí ó fi gbé ìpele òkè kúrò. Ìwé ìrìnnà mìíràn wà nísàlẹ̀, òmíràn sì tún wà, ti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojú kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Owó tùùlùtuulu wà níbẹ̀, ìbọn sì wà pẹ̀lú. Àwa Yorùbá gbà pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ẹni kan bá wá ní orúkọ mẹ́fà ńkọ́, tí kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nínú wọn? Ta ni yóò fà á sẹ́yìn nígbà tí ó bá fẹ́ ṣìwà hù? Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó kó owó, ó kó ìwé ìrìnnà, ó wo ìbọn náà, ó sì fi í sílẹ̀ nínú àpótí. Kò tíì mọ̀ pé apààyàn ni òun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń kọ ohun èlò iṣẹ́ náà.

Ibẹ̀ ló ti sá dé ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, níbi tó ti pàdé ọ̀dọ́bìnrin kan, Marie, tí kò lówó lọ́wọ́, tó sì ń bínú sí gbogbo ayé. Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là bẹ̀ ẹ́ pé kó wa òun dé Paris, ó sì ṣèlérí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìíràn bí wọ́n bá débẹ̀. Báyìí ni ìrìn àjò wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìfẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó.

Àwọn tó rán an níṣẹ́ ni kí a yíjú sí. Nínú CIA, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Treadstone. Alexander Conklin ló ń darí rẹ̀, Ward Abbott sì ni ọ̀gá tó wà lókè Conklin. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin bí a ṣe ń pànìyàn tí kò fi ní ní ojú ẹsẹ̀, wọ́n tú wọn ká sí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì ń pè wọ́n síṣẹ́ nígbà tó bá yá. Olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè, Wombosi, ń halẹ̀ pé bí CIA kò bá dá òun padà sórí àléfà, òun yóò tú àṣírí wọn fáyé gbọ́. Bourne ni wọ́n rán kó lọ pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ wa ló ṣe Wombosi náà. Adewale Akinnuoye-Agbaje ni, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bí sí ìlú London ní 1967. Ó tó kí n yà síhìn-ín díẹ̀. Ìkókó ni ọmọ náà wà nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury pé kí wọ́n máa bá wọn tọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ṣe ń ṣe ní ìlú Ọba láyé ìgbà náà. Ó dàgbà láìmọ ẹni tí òun jẹ́. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òyìnbó onípáńkẹ́ tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ó sì ń bá wọn kórìíra ara rẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó kàwé òfin dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní 2018 ó gbé ìtàn náà jáde nínú fíìmù tó darí fúnra rẹ̀, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Farming. Ó ń jọ mí lójú pé nínú ìtàn ọkùnrin tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ kiri, ẹni tó ti wá tirẹ̀ rí lóòótọ́ ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

Wombosi yìí ló mọ̀ pé wọ́n ń purọ́ fún òun. Nígbà tí wọ́n ní kó wá wo òkú agbanipa náà ní Paris, ó yẹ ara òkú wò, kò rí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó wọ inú ọkọ̀ òun gba ọta méjì sẹ́yìn. Ta wá ni èyí? Kò pẹ́ tí agbanipa Treadstone mìíràn fi yìnbọn pa á nínú ilé rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi náà? Òpin fíìmù kìn-ín-ní ni Bourne tó rántí. Ó ti sápamọ́ sínú ọkọ̀ afẹ́ Wombosi láti ọjọ́ mélòó kan. Ó yọ sí i ní òru, ó gbé ìbọn lé e lórí. Ló bá rí i pé ọmọdé kan sùn lé bàbá rẹ̀ láyà. Ó yíjú, àwọn ọmọ yòókù wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan lajú, ó ń wò ó. Ojú rójú, ìka kò sì lè fa ìbọn mọ́. Bí ó ṣe ń sá lọ ni wọ́n yìnbọn bà á lẹ́yìn tó fi já sínú òkun.

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn náà mu ju bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí nígbà tí Bourne àti Conklin pàdé níkẹyìn, Conklin kò bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ohun ìjà olówó ńlá tó bàjẹ́ ló pè é, ohun ìní ìjọba. Kí ni ẹrú bí kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí ọ̀gá náà kò lè dárí rẹ̀ jì í ni pé ohun ìní yìí lójú, ó sì fi ojú náà rí ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni ọdẹ ti di ẹni tí à ń dẹ.

Ibòmíràn tún wà tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú fò. Bourne àti Marie sá lọ sùn ní oko kan ní ilẹ̀ Faransé, nílé ojúlùmọ̀ Marie. Baálé náà dé láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ní òru, Marie bá Bourne níbi tó dúró sí, tó ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń sùn. Ó sọ fún Marie pé òun kò fẹ́ mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọn kò rí ajá wọn. Onílé rò pé ajá rìn lọ ni. Bourne mọ̀ pé apààyàn ti dé. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe fi ajá tó dákẹ́ dẹ́rù bà wá, tí wọn kò lu ìlù kankan.

Ìwé ni ìtàn yìí kí ó tó di fíìmù. Robert Ludlum kọ ọ́ ní 1980, ó sì kú ní 2001 kí fíìmù náà tó jáde. Nínú ìwé, Carlos, apààyàn tó gbajúmọ̀ láyé nígbà náà, ni ọ̀tá Bourne. Nínú fíìmù, àwọn ọ̀gá tirẹ̀ gan-an ni ọ̀tá. Ta ló yí i padà bẹ́ẹ̀? Doug Liman tó darí fíìmù náà ní ohun tó ń wò láti ilé. Bàbá rẹ̀, Arthur Liman, ni olórí àwọn agbẹjọ́rò fún ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tó wádìí ọ̀rọ̀ Iran-Contra ní 1987. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ta ohun ìjà fún Ìráànì ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n darí nínú owó náà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Nicaragua tí òfin ní kí wọ́n má ràn lọ́wọ́. Nígbà tí àṣírí fẹ́ tú, wọ́n gbé ìwé sínú ẹ̀rọ tó ń gé bébà wẹ́wẹ́. Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu bàbá rẹ̀ kò nílò kí ó wá ìkà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn ìkà inú fíìmù yìí kì í pariwo. Wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń wo àgogo, wọ́n ń béèrè bóyá iṣẹ́ ti parí.

Abbott ló burú jù lójú tèmi. Nígbà tí Conklin kò wúlò mọ́, Abbott ní kí agbanipa Treadstone kan yìnbọn pa á lójú pópó ní Paris. Lẹ́yìn náà ló jókòó níwájú àwọn aṣòfin, tó sọ fún wọn pé eré ìdánrawò lásán ni Treadstone, pé kò tó owó tí wọ́n ná lé e lórí, pé àwọn ti pa á tì. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ṣí fáìlì mìíràn.

Bí ẹni kan bá sọ pé inú fíìmù nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ rán an létí Patrice Lumumba. Kóńgò gba òmìnira ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960, Lumumba sì di olóòtú ìjọba. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún náà tó parí, Sidney Gottlieb, onímọ̀ kẹ́míkà CIA, ti gbé májèlé dé Léopoldville, ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí. Larry Devlin, ọ̀gá CIA níbẹ̀, ló fi lé lọ́wọ́ pé kó fi pa Lumumba. Devlin kò lò ó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó sọ pé òun dà á sínú odò Kóńgò. N kì í ṣe agbẹnusọ fún Devlin, nítorí ó ṣiṣẹ́ gidigidi kí agbára lè kúrò lọ́wọ́ Lumumba. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹrú yẹn, kò jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an.

Àwọn mìíràn jẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, wọ́n yìnbọn pa Lumumba pẹ̀lú Maurice Mpolo àti Joseph Okito ní Katanga, níṣojú àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ààbò. Ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀m kan wà lára àwọn tó fi ásíìdì yọ́ òkú wọn kí ibojì má baà sí. Ó yọ eyín Lumumba, ó sì kó o lọ sílé. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tí aṣòfin Frank Church ṣe olórí rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ète CIA láti pa olórí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀rọ̀ májèlé Lumumba wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé ọwọ́ CIA wà nínú ikú tó padà pa á. Ní oṣù kejì ọdún 1976, Ààrẹ Ford pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kankan kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ sí irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìwádìí wáyé, àṣẹ jáde, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ. Ní 2020, Juliana Lumumba kọ̀wé sí ọba Bẹ́ljíọ̀m pé kí wọ́n dá ohun tó ṣẹ́ kù lára bàbá àwọn padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n gbé eyín kan ṣoṣo fún ẹbí náà ní Brussels, nínú àpótí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Nílé níbí náà, a mọ ohun tí a ń sọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, wọ́n gbé ẹrù kékeré kan wá sílé Dele Giwa, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, ní Ìkẹjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbà á, tó gbé e fún bàbá rẹ̀. Bọ́ǹbù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn fò síhìn-ín, ó fò sọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi títí di òní. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ìwé yìí. Ọmọ tó gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà ni mo ń rò.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí fíìmù kejì, Supremacy, fi ṣọ̀wọ́n lọ́kàn mi ju kìn-ín-ní lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Goa ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí Bourne àti Marie ti ń gbé bíi tọkọtaya. Àlá kan ń da Bourne láàmú. Abbott ti jí ogún mílíọ̀nù dọ́là owó CIA, òun pẹ̀lú oníṣòwò ará Rọ́ṣíà kan tí owó náà sọ di olówó epo. Olóṣèlú kan, Neski, fẹ́ tú àṣírí wọn, wọ́n sì rán Bourne sí i ní ilé ìtura kan ní Berlin. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyàwó Neski wà nínú yàrá níbi tí wọn kò retí rẹ̀ sí. Bourne pa àwọn méjèèjì, ó sì tò ó kó lè jọ pé ìyàwó ló pa ọkọ rẹ̀ kó tó pa ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣẹ́ kù. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń dàgbà pẹ̀lú irọ́ náà.

Nígbà tí àṣírí tún fẹ́ rú jáde, wọ́n rán apààyàn lọ sí Goa, ọta tí wọ́n yìn sí Bourne sì pa Marie. Ẹ̀yin náà yóò retí ẹ̀san, nítorí ohun tí irú fíìmù yìí fi kọ́ wa nìyẹn. Bourne wọ yàrá Abbott, ó gba ìjẹ́wọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó gbé ìbọn sí i lára. Kò yìn ín. Ó ní Marie kò ní fẹ́ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbọn sórí tábìlì, ó lọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì tó ń fi ìbọn sílẹ̀.

Moscow ló lọ. Ó lọ pẹ̀lú ara gbígbọgbẹ́, lẹ́yìn eré ọkọ̀ tó le jù nínú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àbúrò mi obìnrin, tí kì í jókòó wo eré ìbọn parí, béèrè pé kí ló ń wá lọ síbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀tá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọmọ Neski ló ń wá. Ọmọbìnrin náà dé láti ibi iṣẹ́, ó bá àjèjì kan tó jókòó sínú òkùnkùn ilé rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Àwòrán òun àti àwọn òbí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò pa bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì pa ara rẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní iṣẹ́ òun ni, iṣẹ́ àkọ́kọ́, pé ìyá rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kò ní kó dárí ji òun. Kò dárúkọ ọ̀gá kankan láti fi bo ara rẹ̀.

Gbogbo ọlọ́lá inú ìtàn náà, pẹ̀lú àwọn fáìlì àti ìgbìmọ̀ wọn, kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí ẹnì kan lọ sọ fún ọmọ yẹn. Ọmọ náà kò pariwo, kò sì gba ìbọn tó wà níbẹ̀ láti fi yọ òòlẹ̀ inú rẹ̀. Ó ń sunkún. Bourne ní kó má bínú, ó dìde, ó jáde. Kámẹ́rà dúró lókè, ó ń wò ó bí ó ṣe ń tiro lọ nínú yìnyín, títí a kò fi rí i mọ́.